Àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò sí New Philadelphia, ìlú tí Bàbá Frank fi ra ọmọ rẹ̀ padà

Ọjọ́rú: Chicago sí Springfield

Ìlú tí à ń lọ kò sí mọ́. Kò sí ọjà níbẹ̀, kò sí ilé ìfìwéránṣẹ́, koríko ló hù sójú títì rẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìjọba Amẹ́ríkà sọ ilẹ̀ náà di ọ̀kan lára àwọn ibi ìtàn tí orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ ń bójú tó. New Philadelphia ni orúkọ rẹ̀, ní Pike County, ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Illinois. Frank McWorter ló dá a sílẹ̀, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Free Frank. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní South Carolina ní 1777. Ìyá rẹ̀, Juda, ni ìtàn ìdílé wọn sọ pé wọ́n kó láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí Frank wọn ilẹ̀, tó pín in sí pulọ́ọ̀tì, tó sì forúkọ ìlú sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1836, ẹni ọdún 59 ni. Ṣáájú rẹ̀, aláwọ̀ dúdú kankan kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òfin ní Amẹ́ríkà.

Màmá mi ni kò jẹ́ kí n sún ìrìn-àjò yìí síwájú mọ́. Wọ́n ti wà lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí ìyàwó mi ti bímọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan, bí wọ́n ti ń fi epo pa ọmọ lára, mo sọ fún wọn pé ọkùnrin náà ra òmìnira ìyàwó rẹ̀ kó tó ra tara rẹ̀. Ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n ní, "Tún ibẹ̀ sọ." Mo tún un sọ. Wọ́n ní, "Ibo ni wọ́n sin bàbá náà sí?" Mo ní ibẹ̀ kò ju kí a sùn sọ́nà lẹ́ẹ̀kan lọ. Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀, kí n gbé àwọn lọ.

Nítorí náà, èmi, Màmá, àti àkọ́bí mi ọkùnrin la jọ gbéra láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wá dúró ti abiyamọ nílé.

A gba ọ̀nà I-55. Bí a ti jáde lágbègbè Chicago, ilẹ̀ tẹ́jú lọ bẹẹrẹ: àgbàdo tó ti dé orúnkún lápá kan, ẹ̀wà sóyà lápá kejì, àká irin ńláńlá lẹ́yìn ilé àwọn àgbẹ̀, àti àwọn abẹ̀bẹ̀ gíga tó ń fi atẹ́gùn ṣe iná mànàmáná. Màmá ta àgbàdo ní ọjà Bódìjà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú oníṣòwò ni wọ́n sì fi ń wo oko. Wọ́n béèrè ẹni tó fẹ́ jẹ gbogbo èyí. Mo ní ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù ló ń jẹ púpọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń fi òmíràn pọn ọtí tí wọ́n ń dà mọ́ epo mọ́tò. Wọ́n mirí títí, wọ́n ní ọkọ̀ náà jẹun ju ènìyàn lọ.

Ilẹ̀ yìí dúdú, ó sì lọ́ràá, ṣùgbọ́n kò rọ̀ fún àwọn tó kọ́kọ́ wá tẹ̀dó síbẹ̀. Gbòǹgbò koríko ọ̀dàn ti lọ́ mọ́ra wọn nísàlẹ̀ láti ayébáyé, ẹrẹ̀ rẹ̀ a sì máa lẹ̀ mọ́ irin ìtúlẹ̀ àtijọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àgbẹ̀ fi ní láti máa dúró há a kúrò. Ní 1837 ni alágbẹ̀dẹ kan tó ń jẹ́ John Deere, ní Grand Detour ní Illinois níbí, rọ ohun ìtúlẹ̀ onírin dídán tí ẹrẹ̀ kò lè lẹ̀ mọ́. Frank ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Pike County ní ọdún mẹ́fà ṣáájú ìgbà náà. Mo fẹ́ kí ọmọ mi mọ èyí kó tó rí ibẹ̀, nítorí pé láti inú ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, gbogbo ilẹ̀ ló ń rọrùn lójú.

Ọjọ́bọ̀: Springfield sí Pittsfield

A lọ sí ibojì Abraham Lincoln ní Oak Ridge. Orí rẹ̀ tí wọ́n fi idẹ ṣe wà níwájú, imú rẹ̀ sì ń dán yinrin nítorí pé gbogbo àlejò ló ń fọwọ́ pa á. Ọmọ mi pa á. Màmá kò pa á, wọ́n kàn tẹríba.

Ohun tó mú wa yà síbẹ̀ ni ọdún 1837. Vandalia ni olú-ìlú Illinois nígbà náà, Lincoln sì jẹ́ ọ̀dọ́ aṣòfin nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀. Ọdún yẹn ni ilé ìgbìmọ̀ kan náà ṣe òfin kan tí kò kan ẹlòmíràn ju Frank àti ìdílé rẹ̀ lọ. Òfin náà fún un ní orúkọ Frank McWorter, ó fún un láyè láti fi orúkọ náà ra nǹkan, kó tà á, kó pe ènìyàn lẹ́jọ́, kí àwọn náà sì lè pè é. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni nílò òfin kó tó lè jẹ́ orúkọ. Ṣùgbọ́n Illinois, bí kò tilẹ̀ gba oko ẹrú láyè bíi Kentucky, kò fẹ́ aláwọ̀ dúdú. Aláwọ̀ dúdú tó bá fẹ́ wọlé wá gbé gbọ́dọ̀ fi $1,000 dúró kí wọ́n tó gbà á, kò gbọ́dọ̀ dìbò, kò gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí aláwọ̀ funfun nílé ẹjọ́. Tí aládùúgbò bá gba ilẹ̀ Frank mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ kò tólẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ aláwọ̀ funfun fi bá a kọ̀wé sí ìjọba. Nínú ìwé tí wọ́n fi tì í lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà hàn gbangba pé owó tó bá rí lórí pulọ́ọ̀tì ìlú rẹ̀ ni yóò fi ra àwọn ọmọ rẹ̀ tó ṣì wà lóko ẹrú.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí nìyẹn. Gbogbo ìwé kékeré tí wọ́n ń pín fún àlejò ló ń pè é ní oníṣòwò, olùdásílẹ̀ ìlú, ẹni àkọ́kọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlú ló ń wá. Ìlú jẹ́ ọ̀nà kan láti rí owó, ọmọ ló ń wá.

Lọ́sàn-án a gba I-72, a kọjá Jacksonville, a sọdá odò Illinois, a wọ Pike County. Ilẹ̀ tó ti tẹ́ láti àná wá di òkè díẹ̀ àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, igi sì pọ̀ sí i. Pittsfield la sùn sí. Ibí yìí ni olú-ìlú Pike County, ibí ni Frank sì gbé àwòrán ìlú rẹ̀ wá ní 1836 kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Kò mọ̀ọ́kọ, kò mọ̀ọ́kà. Àmì X ló ń fi síbi tó yẹ kó fọwọ́ sí.

Ọjọ́ Ẹtì: New Philadelphia

A dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú, ní ẹ̀bá ìlú Barry. Pápá ni: koríko gíga, òdòdó ọ̀dàn, ojú ọ̀nà tóóró tí wọ́n gé sínú koríko, pátákó tó ń ṣàlàyé. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn tí ẹ bá ń lọ, kí ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀, eégbọn pọ̀ nínú koríko náà.

Pulọ́ọ̀tì 144 ni Frank pín in sí, ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní gígùn. Nígbà tí mo ka ìyẹn sókè, Màmá ní, "Bí wọ́n ṣe ń tà á l'Ékòó náà nìyẹn." Òpópónà méjì tó tóbi jù, Broadway àti Main Street, pàdé láàárín rẹ̀, a sì dúró lójú ìkóríta yẹn gan-an, nínú koríko. Lásìkò tí ìlú kún jù, ní nǹkan bíi 1865, ènìyàn bíi 160 ló ń gbé ibẹ̀, dúdú àti funfun pọ̀. Wọ́n ní alágbẹ̀dẹ, wọ́n ní asọ̀bàtà, wọ́n ní oníṣọ́ọ̀bù. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1874, ọmọ ẹ̀yà méjèèjì ló jọ ń jókòó nínú rẹ̀. Odò Mississippi kò ju nǹkan bíi 20 máìlì lọ sí ibi tí a dúró sí, òdìkejì rẹ̀ sì ni Missouri, ìpínlẹ̀ ẹrú. Àwọn ajínigbé ń sọdá wá mú aláwọ̀ dúdú, yálà ó ní ìwé òmìnira lọ́wọ́ tàbí kò ní, kí wọ́n lọ tà á. Tòsí irú ibẹ̀ ni Frank kọ́lé sí. Ìtàn ìdílé wọn sọ pé wọ́n máa ń fi àwọn tó ń sá bọ̀ láti oko ẹrú pamọ́ sí àjà ilẹ̀ nísàlẹ̀ ilé, àwọn ọmọkùnrin Frank a sì sìn wọ́n sọ́nà Kánádà.

A jókòó lórí àga onígi níbẹ̀, mo sì sọ ìtàn náà fún Màmá láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni mo ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ní 1795, olówó Frank, George McWhorter, kó o lọ sí Pulaski County ní Kentucky láti la oko tuntun. Ìtàn wọn sọ pé olówó yìí náà ni bàbá tó bí i. Ní 1799 Frank fẹ́ Lucy, ẹrú ẹlòmíràn ládùúgbò. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí kì í ṣe tiwọn: ọmọ tí ẹrúbìnrin bá bí, olówó ìyá ló ni ín. Lẹ́yìn náà olówó Frank ṣí lọ síbòmíràn, ó fi Frank sídìí oko, ó sì gbà á láyè láti máa fi àkókò tó bá ṣẹ́kù ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀, kó máa san owó fún un lórí rẹ̀. Frank ṣiṣẹ́ lóko olóko. Nígbà tí ogun Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ sílẹ̀ ní 1812, ẹ̀tù ìbọn wọ́n gógó. Frank wọ inú ihò àpáta Kentucky, ó ń kó erùpẹ̀ ibẹ̀ jáde, ó ń fi omi sẹ́ ẹ, ó ń da omi eérú mọ́ ọn, ó ń sè é títí tí èròjà ẹ̀tù yóò fi dì sí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Màmá dá mi dúró níbẹ̀. Ìyá tó bí wọn, aláró ni. Wọ́n ní, "Bí a ṣe ń sẹ́ eérú fún aró náà ni. Iṣẹ́ tó ń jẹ ọwọ́ run ni iṣẹ́ yẹn. Òru ló ń ṣe é?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́yìn tó bá ti ṣe ti olówó tán.

Ní 1817, Frank ti kó $800 jọ. Iye yẹn tó láti ra ara rẹ̀, Lucy ló sì fi rà. Lucy lóyún nígbà náà. Tó bá jẹ́ ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ rà, ọmọ inú yẹn yóò bọ́ sílé ayé bí ẹrú, gbogbo èyí tó bá tẹ̀lé e yóò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bó ti ra ìyá, ọmọ di olómìnira láti inú wá. Ọmọ yẹn ni Squire. Ọdún méjì ni Frank tún fi jẹ́ ẹrú lẹ́yìn ìyẹn, nínú ilé kan náà pẹ̀lú ìyàwó tó ti dòmìnira, kó tó rí $800 mìíràn san fún àwọn ọmọ olówó rẹ̀ ní 1819.

Màmá kò sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n ń fi ìka ṣírò nǹkan lórí itan. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Èló ni wọ́n ń ta ilẹ̀ nígbà náà?" Mo ní éékà 80 tí Frank fi ṣe ìlú yìí, $100 ló rà á lọ́wọ́ ìjọba ní 1836, dọ́là kan àti kọ́bọ̀ 25 lórí éékà kan. Wọ́n ní kí n fi fóònù bá àwọn pín $800. Éékà 640 ni. Máìlì kan níbùú, máìlì kan lóòró, ìyẹn ni iye Lucy nìkan. Solomon, ọmọ tó rà ní 1835 ní $550, jẹ́ éékà 440.

Wọ́n wo pápá náà yíká. Wọ́n ní, "Bàbá yìí ì bá ti ra gbogbo ibí yìí tán."

Mo rò pé kò sí ẹni tó ti sọ ọ̀rọ̀ Frank tó yé mi tó ìyẹn. Àwọn tó wá tẹ̀dó sí Illinois lákòókò rẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ, wọ́n ń fi ilẹ̀ ra ilẹ̀. Frank náà mọ ilẹ̀ rà, ó mọ̀ ọ́n tà, ó ń gbin àlìkámà àti àgbàdo, ó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù, ṣùgbọ́n tí owó bá ti pé, Kentucky ló ń lọ.

Gbèsè náà kì í sì í dúró sójú kan. Frank kékeré, ọmọ wọn ọkùnrin, ti sá lọ sí Kánádà ní 1826. Ní 1829 Frank yọ̀ǹda gbogbo ibi iṣẹ́ èròjà ẹ̀tù rẹ̀ kí wọ́n lè fún ọmọ náà ní òmìnira kó sì padà wálé. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Illinois, tí wọ́n gbéra ní 1830, tí wọ́n dé ní ìgbà ìrúwé 1831 sórí éékà 160 tí Frank kò fojú rí kó tó rà á, àwọn tó bá a lọ ni Lucy, Frank kékeré, àti àwọn tí Lucy bí lẹ́yìn tó ti dòmìnira. Àwọn ọmọ wọn mẹ́ta, Judah, Sally àti Solomon, ṣẹ́kù sí Kentucky nínú oko ẹrú. Judah àti Sally ń bímọ níbẹ̀, olówó wọn ló sì ń ni ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọmọ tó yẹ kí bàbá àgbà fún lórúkọ, iye owó tuntun ló ń jẹ́ lójú òfin. Ní 1843 ló tó rí Sally rà, ọdún 26 lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ ti gba òmìnira. Frank ti di ẹni ọdún 66.

Mo ti gbọ́ kí àwọn kan sọ pé kò yẹ kí ó san owó fún amúnisìn, pé ńṣe ló ń fún wọn lágbára. Ẹni tó bá ní ọmọ lóko ẹrú ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ Màmá, wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí rẹ̀.

Lọ́sàn-án, ọmọ mi fi fóònù wo àwòrán àwọn ilé bí wọ́n ṣe wà nígbà náà. Àwọn awalẹ̀pìtàn láti yunifásítì Maryland, yunifásítì Illinois àti Illinois State Museum ló wá wa ilẹ̀ yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Wọ́n rí ìpìlẹ̀ ilé Louisa, ìyàwó Squire. Ọdún kan lẹ́yìn Frank ni Squire kú, ní 1855, Louisa sì dúró tì ilẹ̀ àti àwọn ọmọ. Wọ́n rí àwo fífọ́, bọ́tìnnì, eegun ẹlẹ́dẹ̀ àti ti ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n jẹ. Ọmọ mi kò mọ bí eegun ẹlẹ́dẹ̀ ṣe wá di ohun ìtàn. Màmá sọ fún un pé àwọn tó jókòó jẹ ẹran náà kò fi ìyókù sílẹ̀ fún olówó kankan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: ibojì, lẹ́yìn náà Hannibal

Ìlà-oòrùn ìlú ni itẹ́ òkú wọn wà. A ti gba àyè ṣáájú kí a tó lọ. Òjò ti rọ̀ lóru, Màmá gbá apá mi mú gun òkè náà.

Ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án 1854 ni Frank kú, lẹ́ni ọdún 77. Ìwé ìpíngún rẹ̀ kò dà bí ti àgbẹ̀ mìíràn. Àgbẹ̀ a máa pín ilẹ̀ fún ọmọ. Frank sọ pé kí wọ́n ta lára ilẹ̀, kí wọ́n sì fi owó rẹ̀ ra àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ́kù lóko ẹrú. Solomon àti Commodore, méjì lára àwọn ọmọkùnrin rẹ̀, ń bá a lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Solomon tí bàbá ti rà ní $550 wá di ẹni tó ń lọ ra àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ṣe é tán, ẹni 16 ni owó ìdílé náà ti rà padà, Frank fúnra rẹ̀ wà nínú wọn, iye owó náà sì tó nǹkan bíi $14,000. Solomon yìí kan náà ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń se omi ọkà bàbà di oyin, ó sì gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí rẹ̀ ní 1867.

Ẹ̀gbẹ́ Frank ni Lucy wà. Ọdún 1771 ni wọ́n bí i, 1870 ló kú. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ni nígbà tí òfin fi òpin sí oko ẹrú ní gbogbo Amẹ́ríkà ní 1865. Ìwé pọ̀ lórí Frank, díẹ̀ ni ohun tí wọ́n kọ nípa Lucy, ó sì dùn mí. Frank ń rìnrìn àjò lọ ra ọmọ, ta ló ń ṣọ́ oko tí odò kan ṣoṣo pín níyà pẹ̀lú àwọn ajínigbé? Ta ló ń fún wàrà, tó ń hun aṣọ, tó ń gba àwọn tó ń sá bọ̀ lóru? Nígbà tí Lucy gbéra kúrò ní Kentucky, ó fi ọmọ mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì mọ̀ bóyá wọn yóò tún fojú kanra. Ní 1839 ló tó bá ọkọ rẹ̀ ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin, lẹ́yìn ogójì ọdún tí wọ́n ti wà pọ̀, nítorí pé òfin oko ẹrú kò ka ìgbéyàwó wọn sí.

Màmá kúnlẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n kí wọn méjèèjì bí a ṣe ń kí àgbà nílé, wọ́n sì dárúkọ ọmọ tuntun wa fún wọn, pé òun náà, ọmọ tí wọ́n bí sí Illinois ni. N kò bá wọn sọ̀rọ̀ títí tí wọ́n fi dìde.

Nílé ẹbí wọn, ìtàn náà kò fìgbà kan pa rẹ́. Juliet E. K. Walker, onímọ̀ ìtàn ní yunifásítì, ọmọ ọmọ ọmọ ọmọ Frank ni, òun ló sì ṣe iṣẹ́ ìwádìí tó gbé orúkọ bàbá ńlá rẹ̀ dé ojú ayé. Ó rí ìwé ilẹ̀, ìwé ẹjọ́ àti ìwé ìrà ènìyàn ní Kentucky àti Illinois, ó sì rí i pé ohun tí àwọn àgbà wọn ń sọ nílé bá ìwé mu.

Ọ̀sán, a sọdá afárá Mississippi lọ sí Hannibal ní Missouri. Odò náà fẹ̀, ó dúdú, ó ń yára. A kò pẹ́ níbẹ̀. Ojú irin tó pa New Philadelphia bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá odò yìí: ní 1869, ìlà Hannibal and Naples kọjá, ó dé ẹ̀gbẹ́ ìlú náà, ó sì yí gba àríwá rẹ̀ lọ láìfẹsẹ̀ kàn án. Barry rí ibùdókọ̀ gbà, ó sì wà títí dòní. New Philadelphia kò rí gbà, ọjà kó tẹ̀lé ojú irin, ènìyàn tẹ̀lé ọjà. Nígbà tó fi di 1885, wọ́n ti da púpọ̀ nínú pulọ́ọ̀tì rẹ̀ padà sí ilẹ̀ oko. Mo wo àwòrán ilẹ̀ náà dáadáa, n kò rí òkè tàbí odò tó yẹ kó mú ojú irin yí bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, wọ́n mọ ẹni tó ni ìlú náà.

Ọjọ́ Àìkú: Quincy, kí a tó padà sílé

Màmá ní àwọn fẹ́ lọ sí ìsìn kí a tó darí sílé, a sì gba Quincy tó wà létí Mississippi lápá Illinois. Lẹ́yìn ìsìn a lọ sí itẹ́ òkú St. Peter, níbi tí wọ́n sin Augustus Tolton sí. Ọdún tí Frank kú, 1854, ni wọ́n bí Tolton sínú oko ẹrú ní Missouri. Ní 1862, ìyá rẹ̀, Martha, kó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, ó wa ọkọ̀ ojú omi kọjá odò yìí lóru, ó sì dé Illinois. Ọmọ náà di àlùfáà Kátólíìkì ní Róòmù ní 1886. Màmá béèrè bóyá obìnrin náà mọ ọkọ̀ wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ìyá Frank, ìyàwó Frank, àti ìyá yìí, kí n kọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún àwọn sínú ìwé kan. Mo kọ ọ́: Juda, Lucy, Martha. Wọ́n fi sínú Bíbélì wọn.

Lójú ọ̀nà, ọmọ mi béèrè pé ọdún wo ni Judah, ọmọbìnrin Frank, dòmìnira. Màmá ní ohun tí àwọn náà ń rò nìyẹn, pé a ti rí ibi tí bàbá náà dé, a kò tíì rí ibi tó ti ń lọ mú wọn. A ti fẹnu kò báyìí: kí Màmá tó padà sí Ìbàdàn, nígbà tí ìyàwó mi bá ti lè jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀, gbogbo wa la jọ ń lọ sí Pulaski County. Mo ti ń wo ọ̀nà rẹ̀ lórí fóònù, a ó gba Indiana kọjá, a ó sọdá odò Ohio ní Louisville, a ó sì béèrè àwọn ihò àpáta nígbà tí a bá dé Somerset.